Ọmọ Egbin tó Sá Wọ Àgọ́ Tarfa

Ìyẹ̀fun bo apá Tarfa dé ìgúnpá, òòlù igi tí a fi ń kan èèkàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dí ẹnu ọ̀nà àgọ́ bàbá rẹ̀ pa bí ẹni tó fẹ́ dá odidi ọmọ ogun dúró. Bí Swelim ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ajá ọdẹ rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ó ń fi eyín han ọmọbìnrin náà, ó ń wá ibi tí yóò gbà kọjá.

"Bí ajá yìí bá fi ẹsẹ̀ kan wọlé," Tarfa wí, "màá fọ́ orí rẹ̀. Orí tìrẹ ló sì máa tẹ̀lé e."

"Orí tèmi kẹ̀? Kí ni mo ṣe?"

"Ṣé ìwọ kọ́ lo ni ín ni? Pè é!"

Swelim súfèé. Shihan ni orúkọ ajá náà, kò sì sí ajá tó gbọ́n tó o ní gbogbo agbègbè wa. Ó padà sẹ́yìn, ó ki ìrù bọ itan. Swelim so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ìgbà yẹn ló tó ráyè wo inú àgọ́. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé tó ya apá obìnrin sọ́tọ̀, ọmọ egbin kan ká jọ sí ìdí òpó. Kò tóbi tó ọmọ ewúrẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lẹ́nu ọmú. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ dúdú rokoso, ó sì ń wo gbogbo wọn láìmọ ẹni tó fẹ́ pa òun nínú wọn.

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?" Tarfa bèèrè.

Swelim wolẹ̀. "Wọ́n ti yìnbọn pa á."

"Ta ni 'wọ́n'?"

"Farraj. Àlejò rẹ̀ ni mo jẹ́. Òun ló ní kí n mú ajá mi wá ká jọ ṣọdẹ. A ò mọ̀ pé ó ní ọmọ lẹ́yìn."

"Ẹ ò mọ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, abo egbin wo ni kò ní ọmọ lẹ́yìn lákòókò yìí? Ọdẹ ni yín, àbí ẹ̀ ń ta iyọ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ẹni tí mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Ìyá Mansi ni wọ́n ń pè mí, àgọ́ mi ló tẹ̀lé ti bàbá Tarfa ní àfonífojì Ratam. Ohun tí n kò fi ojú ara mi rí nínú ìtàn yìí, àwọn méjèèjì ti sọ ọ́ fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu ju ti ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí mo mọ̀ lọ.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sá wọ àgọ́, tó dé ìdí òpó, ó ti di ti onílé. Ìbáà jẹ́ apànìyàn, ìbáà jẹ́ ọ̀tá onílé gan-an, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi jáde lọ ní àlàáfíà. A máa ń sọ pé ó wà lábẹ́ ojú onílé. Bí ẹnì kan bá wá fi ipá mú un, ojú onílé ló gé yẹn, ọ̀rọ̀ ojú gígé kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín láàárín wa. Àwọn baba wa kò sọ pé ènìyàn nìkan ni òfin náà wà fún. Wọn kò sì sọ pé ẹranko wà nínú rẹ̀. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Ó ti dé ìdí òpó," Tarfa wí. "Mo sì ti sọ ọ́ lẹ́nu mi. Abẹ́ ojú wa ló wà."

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ì bá fi í rẹ́rìn-ín. Swelim kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ọ̀bẹ ìgbànú rẹ̀, ó fi í lélẹ̀ níta bí ọkùnrin ṣe máa ń ṣe tó bá dé ilé tó bọ̀wọ̀ fún.

"Mo gbọ́," ó wí. "Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ."

Tarfa wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, eruku bo irùngbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tutù ju ti ẹni tó ń fi ajá lé ọmọ aláìníyàá lọ. Ó sọ òòlù náà kalẹ̀.

"Ṣé wàá mu omi, àbí ajá rẹ nìkan ni òùngbẹ ń gbẹ?"

Omi náà kò tíì kọjá lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù Farraj fi ya dé pẹ̀lú eruku. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Tarfa ni Farraj. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́, Hamdan, bàbá Tarfa, ló tọ́ ọ dàgbà. Ó rẹwà lọ́kùnrin, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó òun fúnra rẹ̀.

"Ọmọ bàbá mi," ó pè é, "mú ẹran yẹn jáde. Oníṣòwò kan wà nílùú tí mo ti ṣèlérí rẹ̀ fún. Inú ọgbà ilé rẹ̀ ló fẹ́ so ó mọ́, kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa fi ṣeré."

"Àlejò wa ni."

"Àlejò!" Farraj bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n pa àgùntàn fún un? Ṣé kí n se kọfí?"

"Kì í mu kọfí. Wàrà ló ń mu."

Ẹ̀rín pa Swelim, kò sì lè pa á mọ́ra. Farraj wò ó, ó yí padà sí Tarfa tó ti tún mú òòlù rẹ̀, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ó dáa. Lọ́jọ́ tí mo bá gbé ọ wọlé mi, a ó mọ ẹni tó ń pàṣẹ." Ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Swelim gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà, ó sì wúwo. Gbogbo wa la mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọbìnrin ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Àfi bí òun bá fi ẹnu ara rẹ̀ tú u sílẹ̀ níwájú àwọn ọkùnrin, kò sí ẹlòmíràn tó lè fẹ́ ẹ. Farraj kò fẹ́ Tarfa, kò sì tú u sílẹ̀. Ó kàn fi í pamọ́ bí ẹni tó gbé ẹrù sí àjà tó gbàgbé pé òun ní in.

Nígbà tí Hamdan dé nírọ̀lẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ọmọ egbin náà, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ lo fi ojú mi dúró fún ẹran ìgbẹ́?"

"Ẹ ò sí nílé, Bàbá."

"Bí mo bá wà nílé ńkọ́?"

Bàbá rẹ̀ na ìka kan, ó fi kan iwájú orí ọmọ ẹran náà. "Ǹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ náà," ó wí. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Gbígbà sílé kọ́ ni ìṣòro, bíbọ́ ni. Ọmọ egbin náà kọ wàrà. Tarfa ti ìka bọ wàrà, ó fi kàn án lẹ́nu, ọmọ ẹran náà yí orí kúrò. Tarfa fi awọ ṣe orí ọmú fún un, ẹran náà tu ú dànù. Ọ̀fọ̀ ń ṣe é, ebi sì ń pa á. Nígbà tó di pé orí rẹ̀ kò dúró mọ́, Tarfa wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní, "Ìyá Mansi, ó fẹ́ kú sí mi lọ́wọ́." Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi tù ú nínú nígbà tí a rí Swelim tó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àfonífojì, láìmú ajá dání.

Ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló ń kọjá lọ? Lẹ́yìn àgọ́ wa, òkúta ló kù.

Ó wo ọmọ ẹran náà, ó bi mí bóyá ewúrẹ́ kankan wà tí ọmọ rẹ̀ kú. Mo ní tèmi kan wà, ọmọ rẹ̀ kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní kí n gbé òkú ọmọ náà wá. Ó bó awọ rẹ̀ fínnífínní, ó gbé e wọ ọmọ egbin bí ẹ̀wù, ó so ó mọ́ ọn níkùn. Ó fi iyọ̀ díẹ̀ pa á ní ẹ̀yìn. Tarfa di ewúrẹ́ mú lọ́rùn, Swelim sì ti ọmọ egbin sábẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ tàpá. Ó gbóòórùn, ó tún tàpá. Lẹ́yìn náà ó yí ọrùn, ó gbóòórùn awọ ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá iyọ̀. Ìrù ọmọ egbin bẹ̀rẹ̀ sí í jì fẹrẹfẹrẹ. Ó ń mu ún.

Orí Tarfa àti ti Swelim súnmọ́ ara wọn lórí ẹ̀yìn ewúrẹ́ náà débi pé wọ́n ń gbọ́ èémí ara wọn, kò sì sí èyí tó kọ́kọ́ sún sẹ́yìn nínú wọn. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀, mo ṣe bí ẹni pé ìdọ̀tí kó sí mi lójú.

"Ta ló kọ́ ọ?" Tarfa bèèrè nígbẹ̀yìn.

"Ìyá mi. Òun gan-an kò ní wàrà nígbà tó bí mi. Wàrà ewúrẹ́ ni wọ́n fi tọ́ mi."

"Abájọ."

"Abájọ kí ni?"

"Abájọ tí o fi ń wo ènìyàn láìṣẹ́jú."

Láti ọjọ́ yẹn, ó ń kọjá lọ lemọ́lemọ́. Lọ́jọ́ kan, koríko tútù ló mú wá fún ewúrẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ó ní òun fẹ́ wo ẹsẹ̀ ọmọ egbin, bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà sọ fún un pé ó ń dun òun. Tarfa a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí kò bá tètè dé, òun ló máa ń wo ọ̀nà. Níbi kànga lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n ń fa omi, Swelim sọ fún un pé òun kò tíì mú Shihan jáde lọ ṣọdẹ láti ọjọ́ náà. "Bí mo bá ti gbójú sókè wo òkè," ó ní, "ojú yẹn ni mò ń rí. N kò mọ̀ bóyá ojú ọmọ egbin ni tàbí tìrẹ."

"Tèmi tóbi jù ú lọ."

"Tìrẹ burú jù ú lọ, ẹyinjú mi."

Orúkọ yẹn ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tarfa da omi sí kòtò dípò agbè, kò sì rí i.

Swelim kì í ṣe ẹni tí í fi ìfẹ́ ṣe olè. Ó rán arákùnrin bàbá rẹ̀ àti àwọn àgbà ilé wọn wá. Hamdan se kọfí, ó bù ú síwájú wọn. Wọn kò fọwọ́ kàn án, nítorí ẹni tó wá tọrọ nǹkan ńlá kì í mu kọfí títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Àgbà wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Hamdan fetí sí i títí.

"Ọmọ yín dára lójú mi," ó ní. "Bí ọ̀rọ̀ yìí bá wà lọ́wọ́ mi, ẹ ò bá ti mu kọfí yín. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Farraj. Ó wọlé, ó jókòó, ó gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá. Ó ní, "Rárá."

"Ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ ni?" arákùnrin bàbá Swelim bèèrè.

"Kì í ṣe ìyẹn lẹ bi mí. Ẹ ní kí n tú u sílẹ̀. Mo ní rárá. Tèmi ni."

Kọfí náà tutù sínú ife. Àwọn àlejò dìde láìmu ún, Hamdan sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí nínú ilé ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, níbi kànga, Swelim ní, "Jẹ́ ká lọ. Ilẹ̀ gbòòrò. Àwọn ẹbí ìyá mi á gbà wá."

Tarfa fa okùn omi títí agbè fi yọ. "Kí bàbá mi máa jókòó láàárín ọkùnrin láìlè gbójú sókè? Ṣé ìyàwó tí o fẹ́ nìyẹn?"

"Nígbà náà, màá dúró."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí yóò fi rẹ Farraj."

"Ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ kì í rẹ̀ ẹ́, Swelim." Ó fẹ́ kí ó jẹ́ àwàdà. Omi ti lé ròrò sí ojú rẹ̀ kó tó parí rẹ̀, Swelim kò sì lè nu ún fún un, nítorí àwọn obìnrin mìíràn ń bọ̀.

Farraj ti gbọ́ pé Swelim ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ egbin náà. Ó sì ti gbọ́ pé àwọn ènìyàn ń fi òun rẹ́rìn-ín, pé ọmọbìnrin fi òòlù lé òun kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí àwọn ọkùnrin lọ kí ilé òkú, tí Tarfa wà ní kànga, mo jókòó síwájú àgọ́ mi, orúnkún ń dùn mí. Mo rí i tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Kò ké sí onílé. Ó gbé aṣọ ìkélé sókè, ó wọ apá obìnrin, ó jáde pẹ̀lú àpò tó ń jà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Farraj!" mo pariwo. "Ìwọ ọmọ tí mo gbé pọ̀n! Padà!"

"Ẹran ni, Ìyá Mansi!" ó fi ẹ̀rín dáhùn. "Ẹran lásán!"

Ewúrẹ́ mi sáré tẹ̀lé ọkọ̀ náà dé ibi tí okùn rẹ̀ mọ.

Tarfa kò sunkún nígbà tó dé. Ó ṣí ìbòrí dúdú rẹ̀, ó so ó mọ́ òpó iwájú àgọ́ níbi tó ga jù lọ. Gbogbo ẹni tó bá gba àfonífojì náà kọjá ló máa rí i, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n ti gé ojú onílé yìí.

Láti òkèèrè ni Hamdan ti rí aṣọ dúdú náà. Ó dé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó jókòó. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ó bá gbójú fò ó, kò sí ẹni tó máa gbà mọ́ pé ẹni tó sá wọ ilé Hamdan lè bọ́. Bí ó bá sì gbé e dìde, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú ni yóò fà síwájú adájọ́, ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ lóúnjẹ. Tarfa dúró tì í.

"Ṣé kí n tú u, Bàbá?"

"Má tú u," ó wí, ohùn rẹ̀ sì já.

Swelim náà ti gbọ́, ó sì ti wà lọ́nà ìlú nígbà yẹn. Ó bá oníṣòwò náà nínú ọgbà rẹ̀, ọmọ egbin wà ní ìdí ògiri, ríbọ́ọ̀nù pupa wà lọ́rùn rẹ̀. Oníṣòwò náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní ẹ̀bùn ni wọ́n fún òun, òun kò lè kàn fi ẹ̀bùn sílẹ̀ báyìí. Ó wá wo ajá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Swelim, ó wo àyà rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Èyí ńkọ́?"

Nígbà tí Swelim dé pẹ̀lú ọmọ egbin nínú aṣọ rẹ̀, Tarfa sáré pàdé rẹ̀. Ó gba ẹran náà, ó fi í mọ́ àyà, ó wo ẹ̀yìn Swelim.

"Shihan dà?"

"Ó wà nílùú. Wọ́n ní ẹran ni àwọn á máa fún un jẹ." Ó yí ojú rẹ̀ sí òkè, kò fẹ́ kí ó rí òun.

"Swelim," Tarfa pè é. Mo rò pé ọjọ́ yẹn gan-an ló di aya rẹ̀ nínú ọkàn, kí ẹnikẹ́ni tó mu kọfí kankan.

Ẹran ti dé, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kò tíì lọ. Ọ̀dọ̀ Atiq ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ, àgbà tó ń dá ẹjọ́ ojú gígé ní gbogbo ilẹ̀ wa. Àgọ́ rẹ̀ kún. Èmi àti Tarfa wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

Farraj ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin bàbá, ẹran ni. Ṣé òfin àwọn baba ńlá wa la fẹ́ fi ṣe ti ẹran?"

"Ta ló wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé láìsí onílé?" Atiq bi í. "Ṣé ẹran náà ni?"

Ẹ̀rín bú jáde. Farraj jókòó.

Atiq yí sí Hamdan. "Ta ló gba àlejò yìí sílé?"

Hamdan lè sọ pé òun ni. Iyì rẹ̀ ni ì bá jẹ́. "Ọmọ mi ni," ó wí. "N kò sí nílé."

Swelim dìde, ó jẹ́rìí pé etí òun ló gbọ́ ọ. Atiq fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹni tó gbà á ni wọ́n gé lójú, òun ló sì ni ìtanràn. Ọmọ Hamdan, ṣé o ń gbọ́ mi? Sọ ohun tí o fẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ohun yòówù kó jẹ́, màá fọwọ́ sí i."

Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí kò mọ ohun tó máa bèèrè. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn láti kékeré ló ṣí sílẹ̀ gbayawu yìí. Mo gbá a ní ìgúnpá. "Bèèrè ara rẹ, ọmọ mi. Kíá!"

"Ìyá Mansi," ó sọ ọ́ sí mi létí, "bí mo bá fi í bèèrè ara mi, mo ti ta àlejò mi nìyẹn."

"Ẹran ni!" mo ní. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ Farraj lẹ́nu ara mi, mo pa ẹnu mi dé.

Tarfa gbé ohùn sókè, kò sì gbọ̀n. "Bàbá, ẹni tó sá wọlé wa kò sọ pé kí n fi òun ra nǹkan. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni mo fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣọdẹ egbin ní àfonífojì wa láti ìgbà tí koríko bá hù títí yóò fi gbẹ, kí àwọn ọmọ wọn lè dàgbà. Kí Farraj fúnra rẹ̀ sì jẹ́ olùṣọ́ òfin náà."

"Kí ló tún kù?" Atiq bèèrè.

"Kò ku nǹkan kan, Bàbá."

Láti ojú ihò aṣọ ìkélé, mo rí Swelim. Ó fa etí ìwérí rẹ̀ bo ojú. Hamdan ń wo ilẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Farraj ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀bẹ̀. Ó ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun máa jẹ́ kó bẹ òun kí gbogbo ayé gbọ́. Ó dìde, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò wá.

"Ọmọ bàbá mi," ó wí sí aṣọ ìkélé, "gbogbo wa la mọ ohun tí o ń fẹ́. Ó wà níwájú rẹ. Kí ló dé tí o kò mú un?"

"Kò sí nínú ẹjọ́ yìí."

Ó dúró pẹ́ títí. Mo ti mọ ọmọkùnrin yẹn láti ìgbà tó ń rá, n kò tíì rí i kí ó dúró bẹ́ẹ̀ láìwo ẹni tó ń wo òun. "Ọmọ ẹran ìgbẹ́ wọlé rẹ," ó ní, "o kò fi í jẹ èrè kankan. Èmi ọmọ inú ilé, mo so ọ́ mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti hù, n kò fẹ́ ọ, mo kàn fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé mo ní ọ." Ó yí sí àwọn ọkùnrin. "Ẹ gbọ́ o. Mo tú Tarfa ọmọ Hamdan sílẹ̀. Ẹni tó bá wù ú ni kó fẹ́. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi."

Hamdan dìde, ó rọ́ gbogbo ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́, ó di orí Farraj mú, ó fi ẹnu kò ó níwájú orí. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi," ó ń wí. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi." Farraj sunkún bí ọmọdé. Mo bínú sí i tẹ́lẹ̀, n kò lè rántí ibi tí mo gbé ìbínú náà sí mọ́.

Àwọn àgbà ilé Swelim padà wá, wọ́n sì mu kọfí wọn ní gbígbóná. Ọmọ egbin ń dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé fúnra rẹ̀, ó sì ń dúró wo òkè láàárọ̀. Nígbà tí agbo egbin kan sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ ní ẹ̀gbẹ́ òkè, Tarfa àti Swelim mú un lọ, èmi náà tẹ̀lé wọn, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú wọn kó má di ọ̀rọ̀. Ó dúró láàárín wa díẹ̀. Ó wá lọ, ó kọ́kọ́ rìn, ó sì sáré, kò wẹ̀yìn rárá.

"Kò tilẹ̀ dágbére," Tarfa wí.

"Ó jẹ, ó mu, ó lọ," Swelim dáhùn. "Àlejò gidi ni."

Mo jẹ́ kí wọ́n ṣáájú mi díẹ̀ nígbà tí a ń padà bọ̀. Etí mi kò kúkú tíì di.

"Ṣé inú bí ọ?" Tarfa bi í.

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí mo ní kò ku nǹkan kan."

"Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ dìde jáde. Mo ní ọmọbìnrin yìí kò fẹ́ràn mi. Lẹ́yìn náà mo rò ó. Bí o bá lè fi àlejò rà mí lónìí, lọ́jọ́ kan o lè fi èmi náà ra nǹkan."

Tarfa dúró lójú ọ̀nà. Ó yí padà, ó wò ó tààrà, kò fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu.

"Mo bèèrè rẹ, Swelim," ó wí. "Níbẹ̀ gan-an, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo ń bèèrè rẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí ẹnu mi fi gbẹ. Adájọ́ nìkan ni mi ò bèèrè rẹ lọ́wọ́ rẹ̀."

Kí koríko àfonífojì wa tó gbẹ lọ́dún yẹn, Swelim ti di ọkọ rẹ̀.